Ohun tẹ́ẹ máa ṣe sí mọ́tò yín kẹ́ẹ tó gbéra l'Óṣogbo lọ ọ̀nà jíjìn

Ẹ kú àsìkò o. Ọdún ti ń sún mọ́lé, kálukú ti ń mọ ibi tó ń lọ, ẹlòmíì Àbújá, ẹlòmíì Èkó, ẹlòmíì ìgbéyàwó ní Kábà, kò sì sí ọdún kan tí mi ò kì í gbọ́ pé ẹnì kan tí mo mọ̀ ládùúgbò ni mọ́tò dẹnu kọlẹ̀ fún lójú ọ̀nà tòun tìyàwó tọmọ nínú oòrùn. Ohun tó máa ń dùn mí níbẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà mọ́tò yẹn ti ń sọ ọ́ láti ilé pé ara òun ò yá, wọn ò kàn ráyè gbọ́ ọ ni. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo ti ń wa mọ́tò láti Òṣogbo lọ Àbújá ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí, bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gùn lójú yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mọ́tò lọ bá mẹkáníìkì lálẹ́ tí ilẹ̀ ọ̀la máa mọ́ tẹ́ẹ máa rìnrìn àjò. Gbogbo wa la máa ń ṣe é, torí pé ìgbà yẹn lowó máa ń dọ́wọ́ ẹni, àmọ́ kò dáa. Ọdún kan wà témi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ hóòsì òkè tó wọ inú rédíétọ̀ fún mi nírọ̀lẹ́ Fúráìdé, ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹni tó ń ṣe é ń kánjú, èmi náà ń kánjú, ìdájí Sátidé la gbéra. A kọjá Iléṣà, a kọjá Àkúrẹ́, kò sí nǹkan kan. A ò tíì kúrò l'Ọ́wọ̀ jìnnà tí ọmọ mi obìnrin tó jókòó lẹ́yìn fi ní "Dádì, kí ló ń rùn bíi ṣúgà tó ń jóná yìí?" Mo bá wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ọwọ́ tó ń sọ bí ẹńjìnnì ṣe gbóná sí ti kúrò láàárín, ó ti ń gòkè lọ. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa ẹńjìnnì, gbogbo wa sì bọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó fi tutù tó bí ọwọ́ ṣe lè dé ibẹ̀ ó ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, ìgbà tí mo wá rí i, kílíìpù tó di hóòsì yẹn mú ni wọn ò dè le, omi ń ta lára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti Òṣogbo. Sikurudíráfà kan àti gálọ́ọ̀nù omi tó wà nínú bùútù ló gbà wá. Látìgbà yẹn, ohunkóhun tí wọ́n bá pààrọ̀ fún mi, màá fi mọ́tò yẹn ṣiṣẹ́ nígboro fún bíi ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà màá gbé e lọ sí Iléṣà tàbí Ìkìrun kí n sì padà, eré tí mo máa sá lójú ọ̀nà jíjìn ni màá sá níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá dè tí ò le, ibẹ̀ ló ti máa tú, nítòsí ilé.

Páálí lábẹ́ mọ́tò

Èyí ò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ wá páálí ńlá, páálí fíríìjì tàbí ti tẹlifísàn, kẹ́ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ mọ́tò níwájú lálẹ́, kẹ́ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́, kẹ́ẹ sùn. Tílẹ̀ bá mọ́ kẹ́ẹ yọ ọ́ kẹ́ẹ wò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ pé omi lásán tí ò ní àwọ̀ ló wà níbẹ̀, tẹ́ẹ sì tan AC ní alẹ́ àná, omi AC nìyẹn, kò sí wàhálà. Tó bá dúdú tàbí ó rí bíi tíì tó pọn, ọ́ìlì ẹńjìnnì ni. Tó bá pupa tó sì ń yọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ́ìlì gíà tàbí ti ṣíárìn. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí pínkì tó ń rùn dídùndídùn, kúláàntì ni, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kẹ́ẹ ti tètè dìde. Tó bá wà lápá ibi táyà, tó ń yọ̀ tí kò sì ní àwọ̀ tó le, ẹ má wà á lọ ibì kankan, ẹ pe mẹkáníìkì wá sílé, torí ó lè jẹ́ ọ́ìlì bíréèkì. Páálí yẹn náà lẹ máa mú lọ fi hàn án, kò ní lè sọ pé òun ò rí nǹkan kan.

Omi ló ń ṣe mọ́tò jù

Tẹ́ẹ bá wo àwọn mọ́tò tó máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní òkè tó wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, tó bá jẹ́ mẹ́wàá ẹ máa rí i pé púpọ̀ nínú wọn, gbígbóná ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Nígboro Òṣogbo mọ́tò yẹn lè má gbóná rárá, ẹ̀ẹ́ wà á láti Ọláìyá dé Òkè-Fìà, láti Òkè-Fìà dé Ìgbọ́nà, kẹ́ẹ sì páàkì, kò tíì ráyè gbóná. Ọ̀tọ̀ ni wákàtí mẹ́ta lórí eré pẹ̀lú ẹrù àti èèyàn márùn-ún àti AC.

Ohun àkọ́kọ́, láàárọ̀ tí ẹńjìnnì tutù (ó gbọ́dọ̀ tutù o, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná láyé yín, omi yẹn máa fò sójú èèyàn), ẹ ṣí i kẹ́ẹ wo inú ẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu. Tẹ́ẹ bá rí i tó pọ́n bíi omi ilẹ̀ pupa, ìpẹtà ti wà nínú ẹ̀, omi kànga tàbí omi bọ̀hó tí wọ́n ti ń dà sí i láti ọjọ́ yìí ló fà á. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ jáde, kí wọ́n da kúláàntì sí i. Kúláàntì kì í ṣe fáàrí, kì í tètè hó bí omi, kì í sì jẹ́ kí irin inú ẹńjìnnì dípẹtà. Èyí tó bá le lẹ máa pò mọ́ omi tí wọ́n ti yọ ìdọ̀tí inú ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń dà sí bátìrì, ìdajì ìdajì, àmọ́ ẹ ka ara kẹ́ẹ̀gì yẹn torí pé òmíì wà tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀. Ẹ má da aláwọ̀ ewé mọ́ pínkì kẹ́ẹ ní ọ̀kan náà ni.

Ẹ yí ìdérí rédíétọ̀ padà kẹ́ẹ wo rọ́bà tó wà nínú ẹ̀. Tí rọ́bà yẹn bá ti le tàbí ó ti là, ẹ ra tuntun, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Ìdérí yẹn ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ kó má tètè hó, tí ò bá mú mọ́, omi á máa lọ díẹ̀díẹ̀ ẹ ò sì ní mọ ibi tó ń gbà. Lẹ́yìn náà ẹ fọwọ́ fún hóòsì òkè àti ti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ẹ ṣe fún hóòsì kékeré. Hóòsì tó dáa máa ń le díẹ̀, á sì padà sí ipò ẹ̀ tẹ́ẹ bá fi í sílẹ̀. Èyí tó bá rọ̀ mùjẹ̀mùjẹ̀ bíi fùfú tó ti bàjẹ́, tàbí tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ nígbà tẹ́ẹ fún un, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú kílíìpù ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó máa ń bí mi nínú, ọ̀rọ̀ tàmósítáàtì. Mọ́tò bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan báyìí, àwọn mẹkáníìkì wa kan á ní "ẹ jẹ́ ká yọ tàmósítáàtì dànù, oòrùn ibí ò nílò ẹ̀," wọ́n á tún so fáànù mọ́ iná tààrà kó máa yí láti ìgbà tẹ́ẹ bá ti ṣíná. Kì í ṣe àtúnṣe nìyẹn, wọ́n kàn bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Tàmósítáàtì ló ń jẹ́ kí ẹńjìnnì gbóná dé ibi tó yẹ kó dé kó sì dúró síbẹ̀, tí kò bá sí mọ́, ẹńjìnnì á máa tutù jù nígbà míì, á máa mu epo, fáànù tó ń yí láìsinmi náà ò ní pẹ́ jó. Ẹ ní kí wọ́n wá ohun tó mú un gbóná gan-an: ṣé rédíétọ̀ ló ti dí, ṣé pọ́ǹpù omi ló ti bàjẹ́, ṣé gáskẹ́ẹ̀tì òkè ló ti jó. Tẹ́ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fáànù ń ṣiṣẹ́, ẹ tan mọ́tò, ẹ tan AC, kẹ́ẹ dúró síwájú kẹ́ẹ tẹ́tí, fáànù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́.

Táyà

Mo fẹ́ kẹ́ẹ farabalẹ̀ ka ibí yìí torí ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa la gbà gbọ́ pé tí oòrùn bá ń mú, kí fọkanáísà dín atẹ́gùn inú táyà kù kó má báa bẹ́. Òdìkejì ẹ̀ gan-an ló jẹ́ òótọ́. Táyà tí atẹ́gùn ẹ̀ kéré máa ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo bó ṣe ń yí ló ń tẹ̀ tó tún ń nà, bí ẹni ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí á fi gbóná kó já. Gbígbóná yẹn ló ń bẹ́ ẹ. Fi ẹrù kún un, fi eré kún un, ó parí. Torí náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ̀ẹ́ rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin níbẹ̀, iye atẹ́gùn tó yẹ kó wà níwájú àti lẹ́yìn ló wà lára ẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré máa ń wà láàárín 30 sí 35 PSI, wọ́n sì sábà máa ń kọ ti ìgbà tí ẹrù bá kún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Iye yẹn lẹ máa lò, láàárọ̀ tí táyà tutù, ẹ má wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tẹ́ẹ ti wa mọ́tò. Tẹ́ẹ bá wọ̀n ọ́n lójú ọ̀nà tó ti gbóná tẹ́ẹ rí i pé ó lé díẹ̀, ẹ má tú u, ó máa ń lé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rọ̀ yín pé kẹ́ẹ ra gééjì tiyín, torí ti ọ̀pọ̀ fọkanáísà ti ṣubú lulẹ̀ ní ìgbà tí ò lóǹkà.

Ọjọ́ orí táyà náà ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níparí ẹ̀ ni kẹ́ẹ kà. Tẹ́ẹ bá rí 3521, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè máa dán yanran, kí ojú ẹ̀ jinlẹ̀, kó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá, rọ́bà inú ẹ̀ ti gbẹ. Èmi ò lè fi táyà tó ti kọjá ọdún mẹ́fà lọ Àbújá láìjẹ́ pé ẹni tó mọ táyà bá mi yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Ẹ wo ojú ẹ̀ náà, nínú àwọn ihò tó là lára táyà, rọ́bà kéékèèké kan wà tó dábùú ihò yẹn, tí ojú táyà bá ti jẹ dé ọgbọọgba pẹ̀lú ẹ̀, ó ti tán, 1.6 mílímítà ló kù yẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló jẹ ju ìkejì, ẹ lọ ṣe alàáìnìmẹ́ǹtì, kí wọ́n sì wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì kẹ́ẹ tó ra tuntun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tuntun yẹn náà á jẹ. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ táyà, ibi tó bá wú bíi kókó orí, ẹ má fi sọ́nà.

Táyà sípíà ńkọ́? Ẹ fún un ní atẹ́gùn. Kẹ́ẹ sì yọ nọ́ọ̀tì táyà kan nílé pẹ̀lú sípánà tẹ́ẹ ní, kẹ́ẹ ríi pé ó wọ̀ ọ́, torí mo ti rí ọkùnrin kan lójú ọ̀nà tó ní jákì, tó ní sípíà, tí sípánà ẹ̀ ò sì wọ nọ́ọ̀tì.

Ọ́ìlì, bíréèkì, bátìrì, iná

Ọ́ìlì ẹńjìnnì, ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ẹ fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde, ẹ nù ún, ẹ tì í padà sínú, ẹ tún fà á. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Tó bá dúdú jù tó sì ti pẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú fílítà. Nọ́ńbà tí ìwé ìlò mọ́tò yín bá sọ ni kẹ́ẹ rà, tó bá ní 5W-30 ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni da 20W-50 sí i torí pé òun ló wà nílẹ̀. Tẹ́ẹ bá rí ọ́ìlì tó rí bíi tíì oní-mílíìkì, ẹ gbàgbé ìrìn àjò yẹn ná, omi ti pò mọ́ ọ́ìlì. Mọ́tò tó bá ń lo táìmìǹgì bẹ́lìtì, tẹ́ẹ bá rà á ní tòkunbọ̀ tẹ́ẹ ò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, torí ọjọ́ tó bá já, ó lè ba gbogbo ẹńjìnnì jẹ́.

Bíréèkì, tó bá ń han bí irin ń jẹ irin, ó ti kọjá ìgbà tó yẹ. Ẹ ní kí wọ́n tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n wo pádì àti ṣúù. Tí ọ́ìlì bíréèkì bá ti lọ sílẹ̀ nínú agolo ẹ̀, ẹ má kàn dà á kún un kẹ́ẹ máa lọ, pádì tó ti jẹ ló sábà máa ń fà á, tàbí kó máa jò níbì kan. Irú ọ́ìlì bíréèkì tẹ́ẹ máa rà, DOT 3 tàbí DOT 4, ó wà lára ìdérí ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì da ọ́ìlì ẹńjìnnì síbẹ̀ láéláé, ó máa wú àwọn rọ́bà inú ẹ̀, bíréèkì á sì kọ̀.

Bátìrì, ẹ jẹ́ kí onírẹ́wáyà fi mítà wò ó: tí mọ́tò bá wà ní pípa ó yẹ kó wà ní bíi fóltì 12.6, tó bá wà ní títàn kó wà ní bíi fóltì 14. Tí ti títàn bá wà nísàlẹ̀ 13, ọtanétọ̀ (èyí tó ń fi iná sínú bátìrì) ò ṣiṣẹ́ dáadáa, bátìrì tuntun ò sì lè gbà yín. Iná, ẹ ní kí ọmọ kan dúró lẹ́yìn mọ́tò kó máa pariwo "ó tàn" bẹ́ẹ ṣe ń tẹ bíréèkì. Wáípà náà, ẹ má gbàgbé, kódà lásìkò ọyẹ́, eruku ń bẹ.

Ohun tó máa wà nínú bùútù

Jákì, sípánà, sípíà, sí-kọ́ṣọ̀n, ohun pípaná tí ọwọ́ ara ẹ̀ ṣì wà lójú àwọ̀ ewé, wáyà tẹ́ẹ lè fi gba iná lára mọ́tò míì, tọ́ọ̀ṣì, sikurudíráfà, kílíìpù hóòsì méjì, teepu, ọ́ìlì lítà kan, omi lítà márùn-ún, àkísà. Ẹ kó wọn sápá kan tọ́wọ́ lè dé. Ẹ wo bá a ṣe máa ń dẹrù: sípíà á wà nísàlẹ̀, kẹ́ẹ wá kó iṣu, gààrí, kẹ́ẹ̀gì epo pupa àti báàgì ọmọ lé e lórí, ọjọ́ tí táyà bá lọ, gbogbo ẹ̀ lẹ máa kó sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ohun tó bá wúwo, ẹ gbé e sísàlẹ̀ kó súnmọ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ má gbé epo bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì sínú mọ́tò tí èèyàn wà, mo mọ̀ pé ọ̀wọ́n epo máa ń bà wá lẹ́rù, àmọ́ ooru àti òórùn ẹ̀ nìkan lè fa ìjàm̀bá.

Ìwé: lásẹ́ńsì, ìwé mọ́tò, ìṣọ́ránsì, ródúwọ́ọ̀dì. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n máa kú. Nọ́ńbà Ródú Séfítì ni 122, ti pàjáwìrì ni 112, ẹ fi sínú fóònù ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ tó bá bá yín lọ.

Lọ́jọ́ náà

Ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́ kẹ́ẹ tó jáde, agogo mẹ́fà kọjá dáa, kẹ́ẹ sì ṣètò ẹ̀ kílẹ̀ má ṣú bá yín lọ́nà. Omi, ọ́ìlì, táyà, ẹ tún wo mẹ́ta yìí láàárọ̀ yẹn. Lẹ́yìn wákàtí méjì méjì ẹ dúró níbi tí èèyàn wà, kẹ́ẹ yí mọ́tò po lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ẹ na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin táyà kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju àwọn tó kù lọ gan-an, bíréèkì ló ń mú un tàbí bíárìn ẹ̀ ti ń lọ.

Tẹ́ẹ bá gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ẹ máa ṣọ́ra ní òkè Àkùngbá, ibi tí bíréèkì tírélà ti já tó sì ti pààyàn. Ẹ má fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó máa gbóná kó sì kọ̀ yín. Ẹ fà á sí gíà kékeré, tó bá jẹ́ ọtọmátíìkì ẹ fi sí 2 tàbí L, kí ẹńjìnnì máa bá yín dá a dúró. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín yín àti tírélà, níwájú àti lẹ́yìn. Ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin gbà fún mọ́tò ilé lójú títì ńlá ọlọ́nà méjì tí wọ́n pín láàárín, kò sì sí ibi tí a ń lọ tó yẹ ká kọjá ẹ̀.

Tó bá ń gbóná, ẹ pa AC, ẹ tan hítà sí òpin kẹ́ẹ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ páàkì, ẹ pa ẹńjìnnì. Ẹ má bu omi tútù lu ẹńjìnnì tó gbóná, ó lè là. Tí táyà bá bẹ́, ẹ di ṣíárìn mú le, ẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́ròtù, ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ jẹ́ kó dín eré fúnra ẹ̀ kẹ́ẹ tó yà.

Tẹ́ẹ bá dé ibi tẹ́ẹ ń lọ tí mọ́tò yín ò ṣe nǹkan kan, ẹ má gbàgbé pé òun náà lẹ máa wà padà. Láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ẹ bá fẹ́ bọ̀, kẹ́ẹ tó jẹun, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tó ṣì tutù, ẹ wo omi, ẹ fa irin ọ́ìlì, ẹ wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti sípíà, torí ẹrù tẹ́ẹ máa kó bọ̀ l'Óṣogbo lè ju èyí tẹ́ẹ kó lọ.